Ìpín Télọ̀ Lọ́nà Òkè

Ọkùnrin kan wà ní ìletò wa yìí, kò jìnnà, o mọ ilé rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí àwọn àgbà bá ń pa àkàwé, ìlú òkèèrè ni wọ́n máa ń fi í sí kó má baà dun ẹnikẹ́ni. Tèmi kì í ṣe ti ìlú òkèèrè. Jókòó, Fọlárànmí. Gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ yẹn sílẹ̀ kí o yéé mì ín lọ́wọ́, ó ń dí mi létí. O ní kí n pa orúkọ rẹ rẹ́ nínú ìwé àwọn tó ń yẹ ọ̀nà. Mo gbọ́. Kí n tó dá ọ lóhùn, gbọ́ ti ọkùnrin yìí ná.

Télọ̀ ni. Aṣọ ọkùnrin ló ń rán, ó sì mọ̀ ọ́n rán. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ ọmọ méjì nù kó tó bí ọmọbìnrin kan, wọ́n sì sọ ọ́ ní Rẹ̀mílẹ́kún. Rẹ̀mí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì tí wọ́n fi mọ̀ pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà lára rẹ̀. Ìwọ kò bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, nítorí náà o lè má mọ bó ti rí. Ọmọ á máa ṣeré lówùúrọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, egungun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó bí ẹni pé wọ́n ń lù ú láti inú. Bí òjò bá pa á, àrùn dé. Bó bá sáré jù, àrùn dé. Nígbà mìíràn kò sí ohun tó ṣe rárá, ó dé náà ni. Àwọn òbí rẹ̀ kì í sùn bí àwa ti ń sùn.

Ilé ìwòsàn tó ní dókítà, tó sì ní ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lè fà sí èèyàn lára, ẹ̀yìn òkè ló wà. Ọ̀nà méjì ló lọ síbẹ̀. Ọ̀nà mọ́tò yí òkè po, ó gba orí afárá odò kọjá, máìlì mẹ́rìnlá sì ni. Ọ̀nà ẹsẹ̀ gba èjìká òkè lọ tààrà, kò ju máìlì mẹ́ta lọ. Ẹni tó gbé ẹrù á fi wákàtí kan rìn ín.

O mọ bí a ṣe ń tọ́jú ọ̀nà ẹsẹ̀ náà, àmọ́ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ẹni pé o kò mọ̀, nítorí ó jọ pé o ti ń gbàgbé. Ìpín ìpín ni. Ọkùnrin kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń yẹ ọ̀nà ló ní ìpín tirẹ̀, láti igi tàbí òkúta kan dé òmíràn, á sì fi àdá ṣá àmì sára igi nínú ìpín rẹ̀. Lọ́dọọdún, kí iṣu titun tó jáde, olúkúlùkù á yẹ tirẹ̀. Ẹni tó sì yẹ ibẹ̀ náà ló ń gbé aláìsàn kọjá níbẹ̀. Wọ́n á lu agogo ilé-ìwé lẹ́ẹ̀mẹta. Bí o bá wà lóko, wàá ju ọkọ́ sílẹ̀. Bí o bá ń jẹun, wàá ṣan ọwọ́. O ó sáré lọ sí ìpín rẹ, o ó dúró. A ní àga kan tí a fi ọ̀já awọ sí, tí èèyàn lè fi gbé aláìsàn kọ́ ẹ̀yìn bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ. Wọ́n á gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ, o ó gbà á, o ó gbé e kọjá, o ó fà á lé ẹni tó kàn lọ́wọ́. Nítorí pé ìwọ lo yẹ ibẹ̀, o mọ gbòǹgbò tó lè gbé ọ ṣubú, o mọ òkúta tó máa ń yọ̀ lẹ́yìn òjò. Aláìsàn kò ní já bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ ilẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Rẹ̀mí ṣe ń kọjá òkè. Kó tó pé ọmọ ọdún méje, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni a ti gbé e lórí àga yẹn.

Ojú wá ń ti Télọ̀. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Àmọ́ lọ́jọ́ kan tí agogo dún, àgbẹ̀ kan tó fi ebè sílẹ̀ láàbọ̀ mí kanlẹ̀, ó ní, "Ṣé ọmọ Télọ̀ náà ni?" Ọkùnrin náà kò ní ibi kankan lọ́kàn. Ó sáré lọ sí ìpín rẹ̀, ó sì gbé ọmọ náà dáadáa. Ṣùgbọ́n Télọ̀ ti gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ náà sì gún un lára. Láti ọjọ́ yẹn ló ti pinnu pé òun yóò ra mọ́tò, kí òun má baà tún lu agogo fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ó lọ bá mẹkáníìkì tó wà lábẹ́ igi kajú ní oríta. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, òun ló kọ́ ọ níṣẹ́ ara mọ́tò tìrẹ. Mẹkáníìkì ní, "Bọ̀dá Télọ̀, èyí tí mo lè ṣí ni kí ẹ rà, tí ẹ̀yin náà lè ṣí. Mọ́tò tí ẹ ò bá lè rí inú rẹ̀, àlejò ni yín nínú rẹ̀." Ìmọ̀ràn rere ni. Télọ̀ ra ògbólógbòó kan tó jẹ́ pé bí o bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wàá rí ilẹ̀ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ tó ti mọ́ abẹ́rẹ́ lára, kò pẹ́ kó tó mọ púlọ́ọ̀gì. Lọ́jọ́ kan, bẹ́líìtì fáànù já mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín ọ̀nà, Rẹ̀mí sì wà lẹ́yìn tó ń ké. Télọ̀ mú aṣọ kákí tó fẹ́ fi rán ṣòkòtò fún oníbàárà, ó gé e, ó di í bí irun, ó fi abẹ́rẹ́ gán an pọ̀, ó gbé e sí ipò bẹ́líìtì. Ó gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Mẹkáníìkì sọ ìtàn bẹ́líìtì kákí yẹn kiri títí tí àwọn èèyàn fi ń sá fún un.

Nígbà tí àsìkò àtiyẹ ọ̀nà dé, Télọ̀ wá sí ilé akọ̀wé ẹgbẹ́. Ó jókòó sórí àga. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi pa orúkọ mi rẹ́. Ẹ má rò pé mò ń sá fún iṣẹ́ o. Ẹ̀yìn gbogbo yín ti bó nítorí ọmọ mi. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣàìsàn ní ìletò yìí, kó pè mí. Màá gbé e lọ, n ò sì ní gba kọ́bọ̀."

Èmi ni akọ̀wé náà. Àga tí o jókòó lé yẹn ló jókòó sí. Mò ń sọ ọ́ nísinsìnyí kí o má baà rò pé ẹ̀bi ẹlòmíràn ni mo fẹ́ kà sí ọ létí. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn ń dun èmi náà. Mo wúre fún un, mo mú bírò, mo fi ìlà pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

Àárín gbùngbùn ọ̀nà ni ìpín Télọ̀ wà, láti ibi òkúta ńlá dé etí odò kékeré tí a fi ìtì igi ṣe afárá lé. N kò rò ó. Lọ́dún kejì, ẹni tí ìpín rẹ̀ kángun sí tirẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Tí mo bá yẹ tèmi dé ibi òkúta, igbó ni mo máa bá níwájú. Ta ni mò ń yẹ ọ̀nà fún?" Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n yẹ níbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n yẹ lópin, tí àárín rẹ̀ di igbó, igbó ni gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin náà kò wá mọ́. Lọ́dún kẹta, àwọn mẹ́jọ kò wá. Lọ́dún karùn-ún, èmi nìkan ni mo jókòó sí ẹsẹ̀ òkè pẹ̀lú àdá, mo dúró títí oòrùn fi mú, mo padà sílé, mo gbé ìwé kọ́ ìṣó. Ìtì igi orí odò jẹrà. Àga aláìsàn di ibi tí adìyẹ ìyàwó mi ń yé sí.

Kí o má rò pé mo kórìíra mọ́tò. Télọ̀ mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ó gbé aboyún, ó gbé ẹni tí ejò bù jẹ, ó gbé ìyá mi lọ ó sì gbé e bọ̀. Ẹni tó bá ní ká padà sí ayé ẹsẹ̀ nìkan, kò tíì gbé ọmọ tó ń ké ìrora gun òkè nínú òjò rí. Mo ti gbé e rí, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù Télọ̀ kò lọ. Ńṣe ló kó kúrò lójú ọ̀nà, tó kó lọ sínú mọ́tò. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, á ti jáde lọ ta á jí, á tẹ́tí sí i. Bí mọ́tò bá húkọ́, á ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ojú kan wà lára aṣọ, ojú kejì wà lójú fèrèsé tó lè fi rí mọ́tò náà. Nígbà kan rí, ogún ọkùnrin ló dúró sáàárín ọmọ rẹ̀ àti ikú. Nísinsìnyí, ẹ́ńjìnnì kan ni.

Ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n kan ní ìlú ńlá. Ọkùnrin náà rí bí ojú Télọ̀ ti jìn, àánú ṣe é, ó gbé mọ́tò titun kan wá fún wọn. Ó ń dán. Afẹ́fẹ́ tútù ń jáde nínú rẹ̀. Télọ̀ wà á lọ han mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rí ike dúdú kan tó bo gbogbo inú rẹ̀ pa, ó sì kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó ní, "Bọ̀dá Télọ̀, mọ́tò yìí ò fẹ́ kí n fọwọ́ kan òun." Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ó rò pé ìlara ni. Wọ́n ti ògbólógbòó sí ẹ̀yìn igi kajú.

Oṣù mẹ́sàn-án gbáko, mọ́tò titun náà kò kọsẹ̀. Télọ̀ tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Lọ́jọ́ kan, Rẹ̀mí wà lẹ́yìn tó ń jáwọ́ tó ń jásẹ̀, bàbá rẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́, iná pupa kékeré kan tàn níwájú rẹ̀, mọ́tò kò sì fọhùn. Wọ́n sáré pe mẹkáníìkì. Ó wo iná náà títí. Ó ní, "Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ní ìlú ńlá nìkan ló lè bá a sọ̀rọ̀." Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé ọmọ náà lọ, ìyá rẹ̀ há a mọ́ àárín ara rẹ̀ àti ẹ̀yìn ọlọ́kadà, máìlì mẹ́rìnlá, lórí kòtò àti gegele. Ọlọ́run yọ ọ́. Télọ̀ dá mọ́tò titun padà fún ẹni tó ni ín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa ògbólógbòó jáde lẹ́yìn igi kajú, òun àti mẹkáníìkì fi ọjọ́ mẹ́ta tún un ṣe, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Mẹkáníìkì fẹ́ràn àkàwé yìí gan-an. Ibí yìí ló máa ń parí rẹ̀ sí, tí á wá gbá àyà, tí á ní, "Ṣé ẹ ti rí i? Ẹ ra ohun tí ẹ lè ṣí!" Ó sọ ọ́ fún ìwọ náà, mo mọ̀, nítorí náà lo ṣe ra irú èyí tí o rà. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ló parí sí, ó sì mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́.

Rẹ̀mí di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ti ń bá bàbá rẹ̀ ránṣọ. Ihò bọ́tìnnì tirẹ̀ dára ju ti bàbá rẹ̀ lọ, àwọn oníbàárà sì ń béèrè pé ṣé òun ni yóò ṣe é. Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún yẹn, òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì láìdá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro Rẹ̀mí. Télọ̀ jáde sí mọ́tò, ó yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò sì jí lẹ́ẹ̀kan náà. Kò húkọ́, kò gbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé ńṣe ni ọkọ òun ń fọwọ́ pa sítíàríǹ bí ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹṣin.

Wọ́n rin máìlì mẹ́ta, wọ́n dé odò. Afárá kò sí níbẹ̀ mọ́. Omi ti gbé e lọ, ó ku òpó méjì tó dúró sójú odò, omi pupa sì ń kọjá láàárín wọn. Wọ́n ti fóònù pe ilé ìwòsàn kí wọ́n tó kúrò nílé, ọkọ̀ aláìsàn sì ti wá pàdé wọn. Ó dúró ní bèbè kejì. Nọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀, ó káwọ́ lérí. Mọ́tò méjì, tí ara wọn le koko, tí kò sí ohun tó ṣe ìkankan nínú wọn, wọ́n kọjú síra wọn, omi wà láàárín. Télọ̀ kò pa ẹ́ńjìnnì. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé bí òun bá pa á, òun ti gbà pé kò sí ọ̀nà mọ́ nìyẹn.

Rẹ̀mí ní, "Bàámi, ọwọ́ mi ti kú." Ọwọ́ òsì rẹ̀ yọ̀ bọ́ lórí itan ìyá rẹ̀, kò sì gbé e padà. Ìyá rẹ̀ gbé e sórí itan, ó tún yọ̀ bọ́. Ẹnu ọmọ náà sì ti ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Ìyá rẹ̀ figbe ta.

Télọ̀ yí mọ́tò padà, ó ń fun fèrè láti ojú odò títí dé ìletò. Ó sáré lọ lu agogo ilé-ìwé lẹ́ẹ̀mẹta fúnra rẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́jọ. A jáde o. Gbogbo wa jáde. Ṣùgbọ́n a dúró sójú kan, a ń wo ara wa, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó yẹ kó sáré lọ. Àwọn ọ̀dọ́ rò pé ilé-ìwé ló ń kó wọn jọ. Mo lé adìyẹ kúrò lórí àga, mo gbé e wá, ọ̀já awọ rẹ̀ ti jẹrà. Télọ̀ wọ inú mọ́tò, ó fi sísọ́ọ̀sì ìránṣọ gé bẹ́líìtì àga mọ́tò méjèèjì, ó so wọ́n mọ́ àga. Kò wo mọ́tò náà lẹ́ẹ̀kejì.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kò burú, nítorí àwọn kan ní oko níbẹ̀. A yára, mo tilẹ̀ ń rò ó pé a ó tètè dé. Bí a ti kọjá òkúta ńlá, ọ̀nà tán. Èèsún ga ju orí wa lọ, ẹ̀gún ti so ó pọ̀, kò sí ibi tí èèyàn lè ki ẹsẹ̀ bọ̀. A kó àdá bò ó. Mo ní ká yà sósì, mẹkáníìkì ní ọ̀tún ni. A gé igbó lọ, a gé e bọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni a padà sí ìdí igi kan náà. Ní àkọ́kọ́, Rẹ̀mí ń ké lórí àga. Nígbà tó yá, kò ké mọ́. Ìyá rẹ̀ ń pè é ṣáá, "Rẹ̀mí, dá mi lóhùn. Rẹ̀mí, jọ̀ọ́, dá mi lóhùn." Yóò ní "ìn", a ó tún gé igbó síwájú. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti dàgbà tó báyìí, ẹ̀rù kò bà mí bẹ́ẹ̀ rí. Mò ń gé igbó, mò ń rántí bírò tí mo fi pa orúkọ ọkùnrin náà rẹ́.

Télọ̀ ló rí igi náà. Àmì àdá rẹ̀ wà lára rẹ̀, èyí tó ṣá sí i nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, èèpo igi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán. Ó fọwọ́ kan án. Ìpín rẹ̀ ni a ti ń sọnù láti àárọ̀, ní ilẹ̀ tó jẹ́ pé nígbà kan rí, bí o bá di í lójú, yóò rìn ín já. Ó gba àdá ọwọ́ mi mọ́ tirẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì gé igbó títí a fi gbọ́ ìró odò kékeré náà. Ìtì igi kò sí níbẹ̀. A tò sínú omi tó mu wá dé àyà, a sì ń fa àga náà láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi gòkè.

Ọ̀nà wákàtí kan, wákàtí márùn-ún ni a fi rìn ín. Dókítà béèrè ìgbà tí ọwọ́ ọmọ náà kọ́kọ́ kú. Télọ̀ ní kò tíì tó agogo mẹ́jọ. Dókítà gbójú sókè wo agogo ara ògiri, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ó yè. Ẹnu rẹ̀ padà sí ipò. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò padà. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ló dí nínú iṣan kan ní orí rẹ̀, pé bó bá ṣe pé a tètè dé ni, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ náà padà, ó sì ṣeé ṣe kó má padà. Ìwọ náà rò ó wò, bóyá ọ̀rọ̀ yẹn lè jẹ́ kí bàbá kan sùn.

Nígbà tí wọ́n délé, mẹkáníìkì lọ kí wọn. Ó fẹ́ tù ú nínú. Ó ní, "Bọ̀dá Télọ̀, ẹ ṣáà dúpẹ́ pé mọ́tò ò já yín kulẹ̀." Télọ̀ ní, "Kò já mi kulẹ̀. Bó bá bàjẹ́ lónìí, ìwọ á tún un ṣe. Ta ni yóò bá mi tún ọwọ́ ọmọ mi ṣe?" Mẹkáníìkì bú sẹ́kún, èmi náà sì jáde síta.

Télọ̀ kò ta mọ́tò náà. Ó rán bẹ́líìtì titun sí àwọn àga rẹ̀, ó ṣì ń ta á jí láràárọ̀, nígbà tí wọ́n sì tún afárá ṣe, ó tún ń gbé àwa tó bá ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé lẹ́yìn tí wọ́n délé, òun nìkan ti yẹ ìpín rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì ti gbé ìtì igi titun lé odò. Ó wá sílé mi, ó ní kí n sọ ìwé kalẹ̀ lára ìṣó kí n kọ orúkọ òun sí i. Òun ni àkọ́kọ́ nínú ìwé yìí, àwa yòókù sì tẹ̀ lé e. Bí o bá kọjá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wàá rí Rẹ̀mí nídìí ẹ̀rọ, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń darí rẹ̀, bàbá rẹ̀ jókòó sí apá òsì rẹ̀, ó ń bá a di aṣọ mú. Ihò bọ́tìnnì yẹn ṣì dára.

Fọlárànmí, ìwọ ni mò ń bá wí.

O ra mọ́tò tó ṣeé ṣí, o ṣe dáadáa. O kọ́ bí a ti ń tún un ṣe, o gbọ́n. O ní o ó máa gbé gbogbo wa lọ sí ilé ìwòsàn lọ́fẹ̀ẹ́, Ọlọ́run á san án fún ọ. Inú rere rẹ yẹn gan-an ni mo bẹ̀rù. Ọ̀lẹ tó bá sá kúrò lọ́nà, a ó bú u, a ó sì máa yẹ ọ̀nà wa lọ. Ẹni rere tó bá ní ká jókòó, òun yóò ṣe é fún wa, a ó jókòó. Mọ́tò tó bá bàjẹ́, ìwọ lè dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ kí o tún un ṣe. Bí afárá bá lọ ńkọ́? Bí epo bá wọ́n ńkọ́? Bí ìwọ fúnra rẹ bá jẹ́ aláìsàn ńkọ́, ta ni yóò wà á? Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀nà kan kò sì gbọdọ̀ wọ ilé ìwòsàn.

Ìpín rẹ ni ti bàbá rẹ, láti ìdí igi àpá dé ibi òkúta ńlá. Ìpín Télọ̀ ni ó tẹ̀ lé e. Bí ìwọ kò bá yẹ tìrẹ lọ́dún yìí, lọ́dún tó ń bọ̀ ẹnì kan á wá bá mi pé ta ni òun ń yẹ ọ̀nà fún, n kò sì ní mọ ohun tí màá sọ fún un. Ìyàwó rẹ gbé oyún sínú. Ó sọ fún ìyàwó mi pé oṣù Ọ̀wàrà ni òun máa bí. Òjò kì í tíì dá ní oṣù Ọ̀wàrà.

Mo ti fi bírò yìí pa orúkọ kan rẹ́ rí. N kò ní pa òmíràn.

Ó yá, gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ. Ọjọ́ Sátidé ni, agogo méje àárọ̀. Pọ́n àdá rẹ kí o tó wá. Kí o sì gbé mọ́tò náà wá síbí, kí o fi gbé àwa àgbàlagbà dé ẹsẹ̀ òkè. Láti ibẹ̀, a ó sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wa á sì rìn.